Àárọ̀ ni oorun alẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ìdáhùn fún ìyá ọmọ ọdún méje tí kì í tètè sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 7. Aago 8 alẹ́ ni mo máa ń lé e lọ sórí ibùsùn, ṣùgbọ́n aago 10 á ti lù kí oorun tó gbé e lọ. Bí kò bá béèrè omi, á ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, á ní ẹ̀rù ń ba òun. Tó bá di aago 6 àárọ̀, ìjà ni ká tó jí i. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ó lè sùn wọ aago 9. Tíṣà rẹ̀ ní kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ kékeré ló sì ń pa á lẹ́kún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra oògùn olómi kan tó máa ń mú ọmọ sùn, pé òun náà ń lò ó fún tòun. Ṣé kí n lò ó? Wákàtí mélòó gan-an ló yẹ kí ọmọ yìí máa sùn? Ó tún máa ń hanrun, àmọ́ bàbá rẹ̀ náà ń hanrun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà.

Gbólóhùn tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìhanrun, bí ẹni ń dápàárá, pàápàá nígbà tí ẹlòmíì bá tún ń hanrun nínú ilé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọ̀fìnkìn bá mú un nìkan ni, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń hanrun ní òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ara rẹ̀ sì le, ó yẹ kí dókítà rí i. Bí èémí ọmọ bá ń dí lóru, ètò oorun yòówù tí a bá ṣe fún un, asán ni. Ó lè sùn fún wákàtí 10, kó sì tún jí pẹ̀lú àárẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Lálẹ́ òní, nígbà tó bá ti sùn tó bíi wákàtí kan, ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀: ṣé ó là sílẹ̀? Ẹ wo ọrùn rẹ̀: ṣé ó ti na orí sẹ́yìn rékọjá bó ṣe yẹ? Ẹ wo àyà rẹ̀: nígbà tó bá ń mí sínú, ṣé abẹ́ egungun ìhà ń jìn wọnú dípò kó wú jáde? Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fetí sílẹ̀. Ìhanrun tó ń lọ geerege yàtọ̀ sí èyí tó máa dákẹ́ lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, tí àyà ṣì ń gbìyànjú láti mí, tí afẹ́fẹ́ ò wọlé, tí ọmọ á wá ta gìrì, á já èémí gbà, á yí ìhà padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa wá. Ẹ fi fóònù yín ya fídíò rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú méjì á ran dókítà lọ́wọ́ ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Ẹ tún jí wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá ku bíi wákàtí kan kí ilẹ̀ mọ́, torí pé oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ di àárọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ òru ni oorun àsùnwọra máa ń pọ̀ sí, èyí tí ẹ lè gbé ọmọ láti orí àga lọ sórí ibùsùn tí kò ní mọ̀ rárá. Àsìkò yẹn náà ni ara ń tú èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú hòmóònù tó ń mú ọmọ dàgbà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, oorun àlá ló ń gba ipò rẹ̀, èyí tí ẹyinjú ọmọ máa ń sáré yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Onímọ̀ oorun kan, Eugene Aserinsky, fi ẹ̀rọ ṣàkíyèsí oorun yìí ní Yunifásítì Chicago, lára ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ Nathaniel Kleitman tó kéde rẹ̀ fún aráyé ní 1953. Inú oorun àlá ni iṣan ara ti máa ń rọ̀ jù, títí kan iṣan ọ̀fun, nítorí náà ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀nà èémí ọmọdé máa ń dí jù. Òbí tó bá wo ọmọ láago 9 alẹ́ nìkan lè rò pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni ẹran ọ̀fun méjèèjì tí à ń pè ní tọ́ńsìlì, àti èyí tó fara pa mọ́ lẹ́yìn imú, tí wọ́n bá tóbi ju àyè tí wọ́n wà lọ. Sísanra jù náà lè dá kún un. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, ọ̀kan sí márùn-ún ló ní irú ìdíwọ́ èémí yìí, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Bí òógùn bá ń bo ọmọ lóru láìsí ooru, bó bá tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, bí orí bá ń fọ́ ọ tó bá jí, ẹ fi kún ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà. Tó bá jẹ́ tọ́ńsìlì ni, iṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́ máa ń tú ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀. Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí àwọn náà lọ yẹ ara wọn wò. Pé ó wà nínú ẹbí kò sọ ọ́ di ohun tó dára.

Ó dáa, ká ní èémí rẹ̀ já gaara. Lọ́dún 2016, American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, kó àwọn amòye jọ, wọ́n yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì fẹnu kò lórí iye wákàtí tó yẹ kí ọmọ máa sùn láàárín wákàtí 24. Fún ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 9 sí 12 ni. Àwọn tó kéré sí i nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, oorun ọ̀sán sì wà nínú tiwọn: wákàtí 10 sí 13 fún ọmọ ọdún 3 sí 5, 11 sí 14 fún ọmọ ọdún 1 sí 2, 12 sí 16 fún ọmọ oṣù 4 sí 12. Àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10.

Ẹ wá bá mi ṣírò tiyín. Láti aago 10 sí aago 6, wákàtí 8 péré ni. Ọmọ yín ń pàdánù ó kéré tán wákàtí kan lójoojúmọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ìwé, ó sì ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wákàtí 9 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Wákàtí 11 tó ń sùn lópin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ń wá èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí òun fúnra rẹ̀ nílò, ẹ dúró di ìgbà ìsinmi tó gùn, kí ẹ máa fi í sórí ibùsùn ní wákàtí kan náà lálaalẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó máa jí fúnra rẹ̀. Ẹ má ka ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí àsanpadà ni ìyẹn. Iye tó bá dúró lé lẹ́yìn rẹ̀ ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wákàtí 9 ààbọ̀ tó fún, àwọn kan ò sì ní gbádùn ara wọn láìpé wákàtí 11, kódà bí ìyá kan náà ló bí wọn.

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn kò yà mí lẹ́nu. Àgbàlagbà tí kò sùn tó á máa tòògbé. Ọmọdé tí kò sùn tó, fífò ló máa ń fò káàkiri, á máa jà, á máa sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan, ẹni tó ń wò ó á sì ní agbára rẹ̀ ló pọ̀. Reut Gruber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012 lára àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11 tí ara wọn le. Wọ́n ní kí àwọn kan tètè máa sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn yòókù máa pẹ́ sùn. Àwọn tíṣà tó ń sọ ìwà wọn kò mọ èwo nínú àwọn ọmọ náà ló wà ní ẹgbẹ́ wo. Àwọn tó tètè ń sùn fi bíi ìṣẹ́jú 27 kún oorun wọn lóru kọ̀ọ̀kan, ara wọn sì balẹ̀ sí i, inú tó ń bí wọn dínkù. Àwọn tó pàdánù bíi ìṣẹ́jú 54, ìwà wọn burú sí i. Ìṣẹ́jú 27 o, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ àìsàn kan pe ọmọ yín nítorí pé kì í jókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún oorun rẹ̀ ṣe.

Kí ló wá dé tí aago 8 ò ṣiṣẹ́? Ẹni kan kì í fi ipá mú ẹlòmíì sùn. Nǹkan méjì ló ń gbé oorun wá, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ oorun Alexander Borbély ṣe tò ó ní 1982. Èkíní dà bí ebi: bí ojú ọmọ bá ṣe pẹ́ ní lílà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pọ̀ sí i, tó bá sì sùn, á lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oorun ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń ba ti alẹ́ jẹ́. Èkejì ni aago inú ara, tó wà nínú ọpọlọ, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Tí aago yìí bá ní òru ti dé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú hòmóònù kan tí à ń pè ní mẹlatónìn sílẹ̀, ọ̀nà oorun á sì ṣí.

Èyí tó máa ń rú òbí lójú ni pé wákàtí kan sí méjì kí ọ̀nà yẹn tó ṣí ni ojú ọmọ máa ń dá jù lọ. Ẹ ti rí i rí: ọmọ tó ti rẹ̀ láago 6 ìrọ̀lẹ́, tó ń yán, tó ń fi ọwọ́ ra ojú, tó wá di ẹni tó ń fò lórí àga láago 8. Kì í ṣe oríkunkun. Aago inú ara rẹ̀ ló ń tì í kó má sùn. Aago ọmọ yín ti sún síwájú, àárọ̀ Sátidé àti ti Sọ́ńdè ló ń sún un, nítorí náà òru tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí aago 10 fi ń sún mọ́. Ẹ̀yin wá ń fi í sórí ibùsùn láago 8, nígbà tí ojú rẹ̀ dá jù lọ. Wákàtí méjì ló ń fi wo àjà. Kí ni ẹ rò pé á máa ṣe níbẹ̀ bí kò ṣe kó béèrè omi? Bí ó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, orí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibùsùn sí ibi tí wọ́n ti ń bára wọn fà á.

Nítorí náà àárọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe alẹ́. Ẹ so aago jíjí mọ́lẹ̀. Aago 6 ni ọjọ́ ilé ìwé, kò sì gbọdọ̀ ju aago 7 lọ lópin ọ̀sẹ̀. Tó bá ti jí, ẹ ṣí fèrèsé, kó bọ́ síta fún bíi ìṣẹ́jú 20 sí 30. Bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ṣú, ìmọ́lẹ̀ ìta ju ti iná inú ilé lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló sì ń fa aago inú ara wá sẹ́yìn kí oorun lè tètè dé lálẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń wá ọjọ́ tí ẹ ó sinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ohun kan péré nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, kó jẹ́ aago jíjí.

Ìgbà yẹn lẹ ó wá kan aago sísùn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ ìgbà tí oorun gbé e lọ gan-an sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ní kó lọ sùn. Ká ní aago 10 ni. Fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, aago 10 ni kó máa lọ sórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ bó ṣe rí létí: ẹ ń wá bí ọmọ á ṣe tètè sùn, èmi ń ní kí ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ohun tí à ń wá ni pé kó dùbúlẹ̀, kí oorun sì gbé e lọ láàárín ìṣẹ́jú 20, kí orí rẹ̀ tún ibùsùn mọ̀ sí ibi oorun. Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀ fún òru mẹ́ta léra, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sún un wá sẹ́yìn, kó di 9:45. Òru mẹ́ta mìíràn, 9:30. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa bọ̀ títí ẹ ó fi dé 8:30, èyí tó máa fún un ní wákàtí 9 ààbọ̀. Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbi tó bá ti há, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú, ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ á le, torí ẹ ti gba oorun òpin ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ yẹn wúlò fún wa, òun ló ń mú kí oorun tètè dé. Kí ẹ má sì jẹ́ kó fi oorun ọ̀sán rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti jáwọ́ nínú oorun ọ̀sán kí wọ́n tó pé ọdún 5.

Wákàtí tó ṣáájú oorun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lálẹ́ ń pa mẹlatónìn, ó sì burú fún ọmọdé ju àgbà lọ. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Japan tan irú iná kan náà sí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn àgbàlagbà lálẹ́. Ìdínkù tó bá mẹlatónìn àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn àgbà. Ojú ọmọdé mọ́ gaara ju tiwa lọ, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé dáadáa. Nítorí náà, ẹ pa iná àjà tó bá ti ku wákàtí kan, kí ẹ lo iná kékeré tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kí fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n dákẹ́ nígbà yẹn náà. Kí wọ́n sì máà wọ yàrá oorun rárá, torí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan ló ń dá ojú ọmọ, ohun tó ń wò níbẹ̀ náà ni. Ọmọ tó ń gbá géèmù tí kò tíì parí, oorun wo ló máa kùn ún? Tí ẹ̀yin bá ń tẹ fóònù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà, òfin yẹn ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan náà, ní ètò kan náà, lálaalẹ́. Ẹ jẹ́ kó wẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ (bí ara bá ti jáde nínú omi, ooru inú rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń pe oorun), kó fọ eyín, kó tọ̀, kí ẹ ka ìtàn kan fún un tàbí kí ẹ jọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí iná wá kú. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ti tó. Jodi Mindell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ètò báyìí wò lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ọmọ wọn ò tíì ju ọdún 3 lọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ náà ń tètè sùn, wọn kì í sì í jí lóru tó ti tẹ́lẹ̀. Inú àwọn ìyá náà gan-an tún dùn sí i. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò ná wọn ní ohunkóhun àfi àìyẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kojú omi, ìtọ̀ àti ẹ̀rù. Ẹ gé páálí kékeré kan, tó ṣe déédéé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ kun ún, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìwé àṣẹ rẹ̀ nìyẹn. Lálẹ́, tí iná bá ti kú, ó lè lo páálí yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti jáde tàbí láti pè yín: kó mu omi, kó tọ̀, kó wá dì mọ́ yín, ohun yòówù kó jẹ́. Tó bá ti lò ó, á fi lé yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá tún jáde, ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ dá a padà sórí ibùsùn wẹ́rẹ́, ẹ má bínú, ẹ má sì dá ìtàn kankan sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí páálí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi gba ohun kékeré kan tí ẹ ti jọ ṣàdéhùn lé lórí, bíi pé òun ló máa yan eré tí ẹ máa ṣe nírọ̀lẹ́. Patrick Friman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1999, mo sì máa ń dábàá rẹ̀ fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 3 sókè. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè jáde tí òun bá fẹ́ kì í sábà fẹ́ jáde mọ́. Ẹ ránti o: ní òru kẹta tàbí ìkẹrin, ó lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń dán yín wò ni. Bí ẹ bá gbà fún un lóru yẹn, ohun tó máa kọ́ ni pé kóun túbọ̀ pariwo.

Ẹ̀rù náà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni lójú rẹ̀. Ọ̀sán ni kí ẹ máa bá a sọ ọ́, nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mi ò gbà pé kí òbí máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn lálaalẹ́, torí ẹni tó ń wá nǹkan ti gbà pé nǹkan lè wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, kí iná bíńtín wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá máa ń pariwo láàárín òru, ẹ wo aago. Àlá burúkú sábà máa ń wáyé lápá ìdájí, ọmọ á jí, á rántí, á fẹ́ kí ẹ dì mọ́ òun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fò dìde pẹ̀lú igbe láàárín wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, tí ojú rẹ̀ là, tí kò dá yín mọ̀, tó ń tì yín dànù, kò tíì jí. Inú oorun àsùnwọra ló ṣì wà. Ẹ má jí i. Ẹ kàn ṣọ́ ọ kó má ṣèṣe, á padà sùn, kò sì ní rántí láàárọ̀. Ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Omi àti ìtọ̀ náà ní ibi tó máa ń kọ mí lóminú. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ló ń béèrè omi, àrékérekè ọmọdé ni. Bó bá jẹ́ pé lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi gidi lọ́sàn-án lóru, tó ń tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tó sì ń rù, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó sì tún ku ọmọ tó máa ń ní ẹsẹ̀ ń yún òun nínú tó bá dùbúlẹ̀, tó máa ń jù ú síbí jù ú sọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dìde rìn ló máa ń lọ. Àìtó irin nínú ara wà lára ohun tó ń fa èyí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á fi hàn.

Kaféènì kò ní kí n sọ púpọ̀: tíì, kọfí, kólà, àwọn ohun mímu amáragbóná, kí ọmọ ọdún 7 má fẹnu kàn wọ́n lọ́sàn-án, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ alẹ́. Ṣokoléètì náà ní díẹ̀ nínú.

Oògùn olómi yẹn ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn. Rárá, mà, ẹ má lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí àwọn òbí ń lò báyìí, oògùn ikọ́ tàbí ti ara yíyún ni, tó jẹ́ pé àléébù rẹ̀ ni kó máa kun èèyàn lóorun. Nínú àwọn ọmọ kan, òdìkejì ló máa ń ṣe, ọmọ á wá di ẹni tí ojú rẹ̀ dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ọmọ tó ń hanrun bíi tiyín, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i, torí oògùn tó ń kun ọmọ lóorun lè mú kí èémí tó ti ń dí tẹ́lẹ̀ túbọ̀ dí. Promethazine wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ tó le jù lọ ló sì wà lára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, nítorí àwọn tó ti kú lẹ́yìn tí èémí wọn dínkù. Oògùn ikọ́ mìíràn ní codeine nínú, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ ti ní látọdún 2017 pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 rárá.

Ẹnì kan á tún sọ fún yín pé mẹlatónìn oníṣúgà tí ọmọ ń jẹ ló dáa. Ó ní àwọn ọmọ tí dókítà lè kọ ọ́ fún, pàápàá àwọn tó ní ọ̀tìísìmù (ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ), ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òbí ń rà fúnra rẹ̀. Nínú irú rẹ̀ 25 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, 22 ni iye tó wà nínú rẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò mu. Ọ̀kan ò tilẹ̀ ní mẹlatónìn nínú rárá.

Tí ẹ bá ti fún un ní oògùn yẹn kí ìdáhùn mi tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tijú. Ẹ mú ìgò rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ iye ṣíbí tí ẹ fún un àti ìgbà tí ẹ fún un, kí ẹ sì fi fídíò ìhanrun yẹn hàn án níjokòó kan náà.